Láti Kòkòrò Dé Ìkòkò Aró: Ọjọ́ Kan Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìwòyí pé ibo ni wọn yóò fẹ́ lọ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ìdáhùn wọn kò ní jìnnà sí ilé ìtura, pápá bọ́ọ̀lù tàbí òde àríyá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan dáhùn pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni òun ń lọ. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọn yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọn yóò wo ìkòkò fífọ́, tí wọn yóò sì fi ebi padà sílé. Ẹni tó bá sì ń fẹ́ rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti sáyẹ́ǹsì tàbí ti iṣẹ́ ọnà òde òní, èrò rẹ̀ ni pé àfi kí òun wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí London tàbí Paris.

Èrò yìí kò tọ̀nà, pàápàá fún àwa tí a ń gbé ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ nípa ẹranko, kòkòrò, ewéko àti òkúta. Ìlú kan náà ni àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí ti jáde láti inú ilẹ̀. Òṣogbo, tí kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ sí Èjìgbò, ni ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán òde òní tó lókìkí jù lọ ní Áfíríkà ti gbilẹ̀. Bí ènìyàn bá rí ìlú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀rẹ́ tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ohun gbogbo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ṣàkíyèsí pé ògiri tí ilé-ẹ̀kọ́ mọ sáàárín sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà, àwọn baba ńlá wa kò mọ irú rẹ̀ rárá.

Iyàn tó gbé wa kúrò nílé

Ará Èjìgbò kì í ṣe àlejò sí ìrìn-àjò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú náà ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé kò ṣòro láti rí ẹni tó gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò. Ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Abidjan ni a bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀.

Sáyẹ́ǹsì ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn. Lójú rẹ̀, ohun tí a kò bá lè wọ̀n, tí a kò lè kà, tí a kò sì lè ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí ó tún rí bákan náà, eré lásán ni. Àwòrán àti ère ni ọkàn tèmi fà sí. A ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú àwọn tó ń gbọ́ wa. Nígbà tí ìsinmi dé, a ṣe àdéhùn pé yóò bá mi dé Òṣogbo lọ wo iṣẹ́ ọnà bí èmi náà bá kọ́kọ́ bá a dé Ilé-Ifẹ̀ lọ wo kòkòrò. A fi í sí ọjọ́ Ẹtì kan.

Ní ìdájí ọjọ́ náà, ìyá àgbà bi wá pé kí ni à ń lọ wò. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, àwọn ohun àtijọ́ la fẹ́ lọ wò."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ohun àtijọ́? Èmi tí ẹ ń fi sílẹ̀ sílé yìí ńkọ́?"

Àwa náà rẹ́rìn-ín, a dágbére, a sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ẹdẹ, níbi tí a ó ti rí ti Ilé-Ifẹ̀ wọ̀.

Kòkòrò tó ní orúkọ, ọjọ́ àti ibùgbé

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ohun Àdáyébá wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà fún lè rò pé òkú ẹranko àti ewé gbígbẹ ni wọ́n kàn kó jọ. Iṣẹ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ ni ó jẹ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí tó ti bá wa gbé ilẹ̀ yìí rí àti àwọn tó ṣì ń bá wa gbé e.

Ọ̀rẹ́ mi ló ṣàlàyé ètò náà fún mi. Bí onímọ̀ kòkòrò bá mú labalábá kan, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò na ìyẹ́ rẹ̀, yóò sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un mọ́ inú àpótí. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ìwé pélébé kan sí abẹ́ rẹ̀. Orúkọ kòkòrò náà wà nínú ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí a ti mú un, ọjọ́ tí a mú un àti orúkọ ẹni tó mú un. Ti ewéko kò yàtọ̀ púpọ̀. A ó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé, a ó gbé ohun wíwúwo lé e títí yóò fi gbẹ, a ó so ó mọ́ pépà líle, a ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìwé pélébé yẹn gan-an ni iṣẹ́. Labalábá tí kò ní i, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Èyí tó bá ní i, ẹ̀rí ni."

Mo béèrè pé ẹ̀rí kí ni. Ó rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò kan tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fall armyworm, ya wọ oko àgbàdo ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é. Àwọn kòkòrò ajẹ́gbàdo mìíràn ti wà nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ara jọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé àlejò ni èyí ní láti kọ́kọ́ mọ àwọn onílé. Ibi tí a tò àwọn onílé sí pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ wọn ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bí èyí. Bákan náà ni ti igi àti ewé. Bí a bá já ewé kan ní igbó kan ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí igbó náà sì ti di ilé àti ọ̀nà ọ̀dà lónìí, pépà tí a so ewé náà mọ́ ni yóò jẹ́rìí pé ó ti hù níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo wá rántí àwọn ọdẹ wa tí ń sun ìjálá. Nínú ìjálá, ẹranko kọ̀ọ̀kan ní oríkì tirẹ̀. Oríkì náà máa ń sọ àwọ̀ ara rẹ̀, ìrìn rẹ̀, igbe rẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ àti bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ó bá gbóòórùn ènìyàn. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ìwé pélébé ti àwọn baba wa nìyẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oríkì kì í sọ ọjọ́ àti ibi tí ọdẹ ti rí ẹranko náà. Mo gbà pé òun náà jàre. Ohun tí ẹnu tọ́jú ní ẹwà, ohun tí ìwé tọ́jú sì ní ọjọ́. Ó yẹ kí á ní méjèèjì.

Ta ni? Báwo ni?

Láti ọgbà yunifásítì, a lọ sí Ẹnuwá, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ibẹ̀ ni mo rò pé iyàn wa yóò ti dá mi láre, nítorí ẹwà ère Ifẹ̀ kò nílò agbẹjọ́rò.

Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Ó yà á lẹ́nu débi pé kò lè gbà pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ló ṣe wọ́n. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ tí òkun gbé wá ló gbé ògo náà fún. Nígbà tó di ọdún 1938, bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, orí idẹ tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde láti inú ilẹ̀. Ní Ìta Yemòó, ní ọdún 1957, àwọn òmíràn tún jáde. Gbogbo wọn wà ní ọkàn ìlú Ifẹ̀. Òní, kò sí onímọ̀ kan tí í pe ará Gíríìsì mọ́.

Bí mo ṣe ń wo ojú àwọn ère náà, ohun tí mo ń bi ara mi ni pé ta nìyí? Ọba ni àbí ìjòyè? Ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi yàtọ̀ sí tèmi. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Òun ló tọ́, nítorí nínú ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni ìyanu gidi wà.

Alágbẹ̀dẹ idẹ yóò kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí kan. Yóò fi ìda oyin bo amọ̀ náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò sì fín gbogbo ìlà ojú, ètè àti ìpéǹpéjú sára ìda yìí. Lẹ́yìn náà ni yóò tún fi amọ̀ mìíràn bo gbogbo rẹ̀, tí yóò sì dá ihò sí i. Nígbà tí ó bá gbé e sínú iná, ìda yóò yọ́ jáde láti inú ihò náà, àyè rẹ̀ yóò sì ṣófo. Inú àyè òfìfo yìí ni yóò da idẹ yíyọ́ sí. Bí ó bá tutù, yóò fọ́ amọ̀ ìta dànù. Amọ̀ kan kì í ṣe ère méjì. Bí ó bá bàjẹ́, iṣẹ́ tún di ọ̀tun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí náà jẹ́ àdàlù bàbà pẹ̀lú síǹkì àti òjé, tó máa ń mú kí ó ṣàn dáadáa. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn, bí ìbòjú tí à ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Ìwọ̀n 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ooru gbọ́dọ̀ dé kí bàbà tó yọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 100 péré ni omi ń hó. Bàbà pọ́ńbélé a tún máa fa afẹ́fẹ́ sára, a sì máa yára dì kí ó tó dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹni tó rọ ọ́ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, tí kò sì sí ihò kan lójú ère rẹ̀, ti mọ ìwà irin ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ń sọ pé láti òkè òkun nìkan ni dígí ti wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, Abídèmí Babalọlá, hú ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ dígí. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà inú dígí náà kò jọ ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ agbègbè yìí ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún kí òyìnbó tó fi ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè tèmi ló fi bi mí. Ó ní, "Ta ló kọ́ wọn? Kí ni orúkọ olùkọ́ náà?" Kò sí ìwé pélébé lábẹ́ orí idẹ kankan tó lè dá a lóhùn.

Ìwé yìí ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Ní ọdún 1987, àwọn olè jí orí idẹ Ifẹ̀ kan kó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ó tó tún yọjú ní Yúróòpù. Ohun tí a fi ń dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni fọ́tò àti àkọsílẹ̀ tí a ti ṣe kí ó tó sọnù. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, bí olè bá gbé e, kò sí ẹni tí yóò lè jẹ́rìí pé tiwa ni.

Òṣogbo, ìlú aró

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a forí lé Òṣogbo. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀, àgbà òṣèré orí ìtàgé, àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mbárí jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò, ṣùgbọ́n ará Òṣogbo sọ ọ́ di Yorùbá, wọ́n ní ohun tí ènìyàn bá rí tí inú rẹ̀ dùn ni. Láàárín ọdún 1962 sí 1964, wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ péréte fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yàwòrán. A kò bi ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí.

Àwọn wo ló wá? Jímọ̀ Buraimoh ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ kí ó tó di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Òṣèré àti onílù ni Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìragbìjí. Bíríkìlà ni Àdìsá tàbí Adébísí yóò jẹ́ lójú ẹni tó bá pàdé Adébísí Àkànjí nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tí àwọn ẹlòmíràn fi ń mọ ògiri ni òun fi mọ ère. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Igbó Ọ̀ṣun títí di òní, pẹ̀lú ti Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tó gbé Ẹdẹ rí, tó sì kú sí Òṣogbo ní ọdún 2009. Àjọ UNESCO fi igbó náà sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ère wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, igi àti ọ̀bọ wà níbẹ̀. Nítorí ọ̀wọ̀ òrìṣà ni a kò ṣe gé igi rẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí ó ṣẹ́ kù fún onímọ̀ ewéko lónìí. Ọ̀rẹ́ mi rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun àdáyébá kejì níbi tí mo ti mú un wá wo ère.

A parí rẹ̀ sí ibùdó iṣẹ́ ọnà tí Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, níbi tí a ti ń kọ́ni ní àdìrẹ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni a fi ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Nídìí ìkòkò aró ni ọ̀rẹ́ mi ti di olùkọ́ mi. Ó ní aró inú ewé èlú kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú àti ìkànra inú ìkòkò ni yóò yí i padà di ohun tó lè wọ inú òwú. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ a máa sún mọ́ ti ewé. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i ni ó ń sọ ọ́ di búlúù lójú wa kòró.

Bí ó ṣe ń ṣàlàyé ni ó kàn dákẹ́. Ó ní, "Irú ìkòkò yìí wà lẹ́yìn ilé wa. Mẹ́ta ni. Adìẹ ló ń sùn sínú ọ̀kan." Aláró ni ìyá àgbà rẹ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le. Ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ, nítorí òwò gbé e lọ sí Abidjan. Òun náà kò béèrè rí. Nínú gbogbo agbo ilé wọn, ẹnìkan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni náà sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kọ́ nínú ọkọ̀

Nígbà tí à ń bọ̀ wá sí Èjìgbò, a bi ara wa pé bí ìlú wa bá fẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀, kí ni a ó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀? Mo mú odó àti ọmọrí odó, nítorí iyán àti òrìṣà Ògìyán kì í yara wọn. Mo mú àtòrì tí a fi ń na ara wa níbi ọdún Ògìyán. Ọ̀rẹ́ mi mú ìwé ìrìnnà àti ìwé gbèsè àwọn tó kọ́kọ́ lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Ó mú irúgbìn iṣu oríṣiríṣi. Ìkòkò aró ló mú kẹ́yìn, ó sì ní ìkòkò nìkan kò tó bí kò bá sí ẹni tó kọ bí a ṣe ń lò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó ti ìyá àgbà pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Wọ́n ní ahọ́n ni àwọn fi ń tọ́ omi eérú wò, àti pé bí ó bá ń yọ̀ láàárín ìka, ó ti tó. Ọ̀rẹ́ mi fi ìwé pélébé tí a fi ń dán omi wò nílé-ẹ̀kọ́ sí i, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà bí ó ṣe yẹ. Ó kọ ti ahọ́n sílẹ̀, ó kọ ti ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti ìlú, ó sì kọ orúkọ ìyá àgbà sí ìsàlẹ̀. Ìwé ńlá méjì ti kún báyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ rin irú ìrìn yìí

Ẹ yan ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì wádìí ṣáájú bóyá ibi tí ẹ ń lọ yóò ṣí. Ẹ má ṣe kó ibi púpọ̀ jọ, nítorí ibi mẹ́ta tí a wò dáadáa sàn ju mẹ́fà tí a sáré kọjá lọ. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, pàápàá nínú Igbó Ọ̀ṣun, tó jẹ́ ojúbọ títí di òní. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé dání. Kí olúkúlùkù yan ohun mẹ́ta tó wù ú jù, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnìkejì nígbà tí ẹ bá ń padà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mú ẹni tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín dání. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó ń béèrè "báwo ni?" àti ẹni tó ń béèrè "ta ni?" nílò ara wọn. Bí ẹ bá sì dé ilé, ẹ bi àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ní ìbéèrè méjèèjì, kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ àti ìlú, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti tún un ṣe bí ẹ bá kọ ọ́ ṣì.